Ta ló yẹ kó san owó ògiri? Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ Sciacchetrà ní Cinque Terre

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Èmi àti ìyàwó mi lọ ṣe ìsinmi ní Cinque Terre, létí òkun Ítálì, nínú oṣù kẹsàn-án. Wọ́n bu wáìnì aládùn kan fún wa tọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní abúlé Manarola níbẹ̀, Sciacchetrà ni wọ́n ń pè é. Ó dùn, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ìgò ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ní yúrò 48. Ẹni tó ń tà á tún ń sọ fún wa pé àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣe é ò rí jẹ nídìí ẹ̀, pé wọ́n ń fi oko sílẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń ta ìdajì ìgò ní irú owó yẹn ṣe máa ní òun ò rí jẹ? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń wá àánú oníbàárà ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ítálì, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

* * *

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú, ẹ̀gbọ́n. Mo ti bá wọn ká àjàrà lókè Riomaggiore, abúlé mìíràn níbẹ̀, mo sì ti bá wọn to ògiri. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá ká àjàrà tán nínú oṣù kẹsàn-án, wọn kì í fún omi ẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á ṣa àwọn ṣírí tó dáa jù, wọ́n á tẹ́ wọn sórí àtẹ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn ò dé, wọ́n á wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi hunjọ. Òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí bí èyí tó bu bá fara kan èyí tó dáa, gbogbo àtẹ yẹn lè lọ sí i. Tó bá wá tó àkókò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já èso kọ̀ọ̀kan kúrò lára ṣírí. Mo ti bá ìyá onílé àti àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ jókòó sídìí iṣẹ́ yẹn. Ṣúgà á lẹ̀ mọ́ni ní ìka, ọrùn á máa ro èèyàn, abọ́ tó wà níwájú ẹni ò sì ní yára kún.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀. Nínú 100 kílò àjàrà, òfin gbà kí wọ́n rí lítà 70 bó bá jẹ́ wáìnì funfun lásán, èyí tí kò dùn, ni wọ́n fẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ Sciacchetrà, lítà 35 lòfin gbà, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rí tó bẹ́ẹ̀. Lítà 70 á kún ìgò gidi bíi 93. Lítà 35 á kún ìdajì ìgò bíi 93. Iye ìgò kan náà ni, èyí kékeré, èyí ńlá. Nítorí náà, kí ìdajì ìgò tó bá ìgò funfun dọ́gba lásán, owó kan náà ló yẹ kó jẹ́. Gbogbo ohun tó bá lé lórí ìyẹn ló gbọ́dọ̀ san owó àtẹ, owó yàrá, owó àwọn tó jókòó já èso, àti owó èyí tó bu tí wọ́n dà nù.

Nínú yúrò 48 yẹn náà, owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà wà níbẹ̀, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye ọjà. Èrè ẹni tó tà á fún yín wà níbẹ̀. Ìgò, ìdérí, ìwé ara ìgò, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀.

* * *

Mo gbàgbé ohun kan tó ṣe pàtàkì: àkókò. Wáìnì funfun lásán, ìgbà tí òtútù bá lọ tí àwọn àlejò bá ń dé ni wọ́n ti ń tà á. Sciacchetrà ò gbọ́dọ̀ jáde títí di oṣù kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé ìkórè. Èyí tí wọ́n ń pè ní Riserva, ó di ọdún kẹta. Ẹni tó ń dá ẹmu nílé wa, kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti wọ àpò ẹ̀. Àgbẹ̀ Sciacchetrà ti san owó òṣìṣẹ́, ó ti san owó oògùn àjàrà, ó ti kó ìkórè mìíràn wọlé, èyí àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àgbá. Ilé ìfowópamọ́ kan sọ fún àgbẹ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ pé ohun tó wà nínú àgbá kò tó ohun tí àwọn lè fi yá a lówó, kó mú ìwé ilé wá.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ ti kọ ọ́ sábẹ́ ìdáhùn mi pé kí wọ́n fowó lé e. Ẹnì kan ní ohun tó ṣọ̀wọ́n ló ń wọ́n, kí wọ́n tà á ní yúrò 100, àwọn olówó á rà á.

Àwọn kan ń tà á ju ohun tí ẹ rí lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà wáìnì aládùn fúnra ẹ̀. Káàkiri ayé, àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mu wáìnì aládùn lẹ́yìn oúnjẹ mọ́. Dókítà ní kí wọ́n ṣọ́ra fún ṣúgà, ọlọ́pàá ń yẹ èémí awakọ̀ wò, oúnjẹ alẹ́ náà ò gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní Sauternes ní ilẹ̀ Faransé, ibi tí orúkọ wọn ti kárí ayé láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ńlá ló ti ń fi lára àjàrà wọn ṣe wáìnì tí kò dùn torí pé èyí tó dùn ò tà tó. Bí Sauternes bá ń ṣe báyìí, kí la fẹ́ kí ẹni tó ní àgbá méjì lábẹ́ ilé ní abúlé Vernazza ṣe?

Ohun kejì ni pé ife kékeré ni wọ́n ń mu ún. Ilé oúnjẹ tó bá ra ìgò mẹ́fà lè máa tà á fún oṣù mélòó kan. Kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń wá rà lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Láyé àtijọ́ gan-an, wọn ò ṣe é fún títà. Ti ìgbéyàwó ni, ti ìrìbọmi ọmọ, ti aláìsàn tí ara ẹ̀ ò yá. Ìdílé ló ń tọ́jú ẹ̀. Wáìnì funfun lásán ni wọ́n ń tà.

Nítorí náà kí wọ́n fowó kún un níwọ̀nba, ó dáa. Pé owó nìkan ló máa tán ìṣòro yẹn, mi ò gbà.

* * *

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé: ògiri.

Òkè Cinque Terre dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sínú òkun. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tẹ́ ẹ bá rí lórí ẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń gé òkè náà ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń fi òkúta to ògiri síwájú àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan láì fi sìmẹ́ǹtì sí i, tí wọ́n sì ń kó iyẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Orí iyẹ̀pẹ̀ yẹn ni àjàrà ń gbé. Ògiri yẹn ò ní òpin. Bí òjò bá rọ̀ pọ̀, apá kan á wú bí ikùn, lẹ́yìn náà á ya. Bí ìmàdò bá wá wá jẹko lóru, á fi imú tú òkúta òkè dànù, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ìmàdò sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń tún un to, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ máa kọ́kọ́ kó gbogbo òkúta tó wó kúrò, ẹ máa ṣa wọ́n: ńlá sọ́tọ̀, àárín sọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀. Ẹ máa gbẹ́ ìdí ẹ̀ títí ẹ fi kan ilẹ̀ líle. Òkúta ńlá ló ń wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì fì sẹ́yìn díẹ̀ sí ara òkè. Bẹ́ ẹ ṣe ń to iwájú lẹ ó máa da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni omi máa gbà jáde. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á gbé òkúta kan, á yí i wò lẹ́ẹ̀kan, á fi sí àyè ẹ̀. Èmi máa ń gbé e, màá sọ ọ́ kalẹ̀, màá gbé òmíràn. Odidi ọjọ́ kan lè lọ, kí gígùn ohun tẹ́ ẹ tò máà ju ibùsùn kan lọ.

Ẹnì kan tó ní òun jẹ́ birikìlà béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi sìmẹ́ǹtì dè é kí wọ́n sinmi. Mo rí ibi tí wọ́n ti dán an wò. Omi ò rí ojú ibi tó máa gbà, ó ń kó jọ sẹ́yìn ògiri, lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, ògiri yẹn bọ́ lódindi, ó sì wó èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ra. Ògiri tí omi lè gba àárín ẹ̀ kọjá ló ń pẹ́.

Báyìí, ta ló ń san owó iṣẹ́ yẹn? Àgbẹ̀ ni. Inú kí ló ti ń mú un? Inú ìgò. Bóyá ó ṣe wáìnì aládùn tàbí èyí tí kò dùn, bóyá àjàrà so lọ́dún yẹn tàbí kò so, ògiri á wó, á sì fẹ́ títúnṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ní kì í ṣe wáìnì ló ń pa wọ́n lówó. Wáìnì lè bọ́ ara ẹ̀. Òkè ni kò lè bọ́.

* * *

Fún ẹni tó kọ ọ́ pé "kí wọ́n ra ẹ̀rọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn": katakata ò lè gun ibẹ̀. Ojú irin kan ṣoṣo tó léyín ni wọ́n tẹ́ gba ara òkè, ọkọ̀ kékeré tó ń lo epo bẹntiróò ń gùn ún, òun ni wọ́n fi ń gbé àpótí àjàrà. Ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ rírù lórí. Ṣùgbọ́n ibi tí irin yẹn ò dé, èjìká ni.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn èèyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, ó ju mílíọ̀nù méjì lọ, ọjà ti dé bá àgbẹ̀ nílé, kí ló tún kù?

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́ ní yàrá méjì tó ń yá àwọn àlejò, owó yàrá yẹn ló ń bọ́ oko. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọ ẹ̀. Yàrá ń mówó wọlé, oko ń náwó. Ọmọ náà ń fọ aṣọ ibùsùn, ó ń dáhùn lórí fóònù, kò gun òkè mọ́. Oṣù kẹsàn-án tó jẹ́ oṣù ìkórè, oṣù àlejò náà ni. Ta ló máa fi àlejò sílẹ̀ lọ ká àjàrà?

Ilé náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò rí yàrá tí mo lè yá ní abúlé, torí gbogbo ẹ̀ ti di ti àlejò. La Spezia, ìlú ńlá tó wà nítòsí, ni mo ń gbé, reluwé àárọ̀ ni mo ń wọ̀. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ òṣìṣẹ́, ibo ló máa fi í wọ̀ sí?

Ẹ má sì rò pé àlejò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1869 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ológun ní La Spezia, ojú irin tó so ìlú Genoa mọ́ La Spezia parí ní 1874. Láti ìgbà yẹn ni owó oṣù ti ń pe ọmọkùnrin kúrò lóko. Kòkòrò phylloxera tún wá jẹ gbòǹgbò àjàrà wọn ní àwọn ọdún 1920. Ilẹ̀ àjàrà tó ju 1,000 hẹ́kítà lọ nígbà kan, nǹkan bíi 100 ló kù. Ìyókù ti di igbó, ògiri ẹ̀ ń wó lábẹ́ ewé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwòrán àtẹ̀gùn àjàrà yẹn gan-an ló wà lórí káàdì ìrìnnà, lórí ìwé ilé ìtura, lórí ìpolówó ọkọ̀ ojú omi. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ ibẹ̀ mọ́ ohun ìní ayé ní 1997, ìjọba sọ ọ́ di páàkì orílẹ̀-èdè, ilẹ̀ tí wọ́n ń dáàbò bò, ní 1999. Ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò, àgbẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀. Ilé ìtura ń gbowó ojú fèrèsé tó dojú kọ oko, onílé oúnjẹ ń gbowó, ẹni tó to òkúta ni owó yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

* * *

Àbúrò kan kọ ọ́ pé ohun tí ò bá pa owó wọlé, kí wọ́n jẹ́ kó kú, ayé ń yí. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa, mi ò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2011. Òjò rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, omi àti ẹrẹ̀ ya wọ Vernazza àti Monterosso, ó bo ìsàlẹ̀ ilé, ó gbé mọ́tò, èèyàn kú. Òjò yẹn pọ̀ ju ohun tí ògiri kankan lè dá dúró pátápátá lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti pa àtẹ̀gùn tì, iyẹ̀pẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn kó síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ògiri tó dì í mú mọ́. Orí abúlé ló máa wá. Ẹni tó bá ní kí oko kú, kó sọ fún wa ibi tí iyẹ̀pẹ̀ yẹn máa lọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Brescia béèrè bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ó wà. Àwọn ètò kan ti kọ́ àwọn tó wá ibi ìsádi ní iṣẹ́ ògiri títò ní Manarola, mo sì mọ àwọn tó ti inú ẹ̀ rí iṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tó níyì ni. Ní 2018 UNESCO kọ òye bí wọ́n ṣe ń to òkúta láìlo sìmẹ́ǹtì mọ́ àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ gba ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó gun òkè. Mo ti bá alágbàṣe kan ṣiṣẹ́ láìsí ìwé, owó ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ò tẹ̀ mí lọ́wọ́ di òní.

* * *

Ó yá, ẹ bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ ti Yúróòpù, bí oko bá ṣe fẹ̀ tó ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún hẹ́kítà àlìkámà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ á gba owó gidi. Ẹni tí oko ẹ̀ kò tó hẹ́kítà kan, tó tún fọ́nká sí ojú méje lórí òkè, ohun tó máa gbà lè má tó owó ẹni tó bá a kún fọ́ọ̀mù. Ítálì ti dá irú oko báyìí mọ̀ nínú òfin wáìnì 2016, àṣẹ tó tẹ̀ lé e ní 2020 sì la irú ilẹ̀ tó kàn: ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ibi tó ga ju mítà 500, orí àtẹ̀gùn òkúta, erékùṣù kékeré. Ó dáa. Ní 2019 ni páàkì náà fi owó Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò STONEWALLSFORLIFE, wọ́n tún ògiri tò ní Manarola, wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí omi ṣe ń gbà á. Ìyẹn náà dáa.

Ṣùgbọ́n ètò ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Ògiri ò ní òpin. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n máa san owó lórí mítà ògiri tó dúró. Kí ẹnì kan wá lọ́dọọdún, kó wọ̀n ọ́n, èyí tó dúró kí wọ́n san án, èyí tó wó kí wọ́n má san án. Kí owó ẹ̀ ti inú owó tí àwọn àlejò ń san fún ọ̀nà ẹsẹ̀ orí òkè àti fún yàrá wá, ní tààrà, kó má gba ọ́fíìsì mẹ́ta kọjá. Nígbà náà ni yúrò 48 yẹn á di owó wáìnì lóòótọ́.

Ẹnì kan ti dáhùn pé àwọn tí kò ṣiṣẹ́ àjàrà á máa wá gba owó ògiri lásán. Kí wọ́n gbà á. Bí ògiri bá dúró, mi ò bìkítà bóyá lẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n gbìn sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí àwọn àgbẹ̀ para pọ̀: wọ́n ti para pọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn wà ní Groppo, lókè Manarola, láti 1973 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọdún kan náà tí òfin fi orúkọ wáìnì náà sábẹ́ ààbò. Àwọn tí kò ní àgbá ń kó àjàrà lọ síbẹ̀. Láìsí ẹgbẹ́ yẹn, mi ò rò pé hẹ́kítà 100 yẹn á ṣẹ́kù.

* * *

Fún ẹni tó ní ìyàwó òun jẹ́ ọmọ Corniglia, tí wọ́n jogún ilẹ̀ àjàrà tí ẹnikẹ́ni ò dé láti ìgbà tí bàbá bàbá ẹ̀ ti kú, tó ń béèrè bóyá kí wọ́n tà á:

Ẹ má sáré tà á, owó ẹ̀ ò ní tó nǹkan, kí àwọn ajogún tó wà ní òkè òkun tó fọwọ́ síwèé gan-an ìṣòro ni. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀ báyẹn, torí ògiri yín tó bá wó, orí oko ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín ló ń lọ. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ìwé àdéhùn ọdún tó gùn, kì í ṣe ọdún kan tàbí méjì, torí igi àjàrà tuntun á gba bí ọdún mẹ́ta kó tó so ohun tó ṣe é ká. Ẹ má gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Títún ògiri to ni kó jẹ́ owó ilẹ̀ yín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síwèé bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ò bá rí ẹnì kankan, Liguria ní òfin kan láti 2014 tó dá báńkì ilẹ̀ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń so ilẹ̀ tí wọ́n pa tì pọ̀ mọ́ ẹni tó fẹ́ dá oko. Ẹ béèrè nípa ẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Vernazza, abẹ́ ibẹ̀ ni Corniglia wà. Kẹ́ ẹ mú ìwé ikú bàbá àgbà dání, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.